Àlàyé Inú Kóòdù Kernel: Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀rọ Kì í Kà

  

Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni àlàyé inú kóòdù kernel, àti bí a ṣe lè ṣe é tí kò fi ní di irọ́. Ẹlòmíràn lè gbọ́ èyí kí ó ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Kò kéré rárá. Mo ti pinnu pé n kò ní fi àbá lásán gba àkókò yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nínú Unix àti nínú Linux ni n óò máa tọ́ka sí.

Kernel ni ìpìlẹ̀ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Òun ló ń pín mẹ́mọ́rì fún àwọn ètò yòókù, òun ló ń pinnu ètò tí CPU máa ṣiṣẹ́ fún báyìí àti èyí tó máa dúró, òun náà ló ń bá díìsìkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù Android lápò níbí, kernel Linux ló wà nínú rẹ̀. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki. Lónìí, ìlà inú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 30. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá síra ni ẹ̀dà tuntun ń jáde, àtúnṣe tó ń wọ inú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń ju 10,000 lọ. Kò sí ọmọ èèyàn tó lè ka gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni tó bá fẹ́ tún ibì kan ṣe níláti gbára lé ohun tí ẹni tó ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kọ sílẹ̀.

Àlàyé tí mò ń wí ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kọ kóòdù kọ sáàárín rẹ̀ fún èèyàn bíi tirẹ̀ láti kà. Èdè C ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú Linux, nínú èdè yìí, àmì /* ló ń ṣí àlàyé, àmì */ ló ń pa á dé. Kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, máa ń fo ohun tó bá wà láàárín àmì méjèèjì ni. Bí ẹ kọ òtítọ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ kò mọ̀. Bí ẹ kọ irọ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ kò mọ̀. Bí kóòdù bá ṣàṣìṣe, ẹ̀rọ lè kú, àyẹ̀wò lè gbá a mú, ẹni tó ń lò ó lè figbe ta. Àlàyé tó ti di irọ́ kì í pariwo. Ẹ ti rí ilé tí wọ́n fi ọ̀dà kọ “Ilé yìí kì í ṣe títà” sára ògiri rẹ̀ rí, tí ilé ọ̀hún sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ọdún gbọ́ọrọ. Ọ̀dà náà ṣì hàn ketekete. Àlejò tó bá gbà á gbọ́ ló máa wá ìdí ilé náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní in mọ́.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi le nínú kernel ju inú ètò mìíràn lọ? Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ òfin tó mú kernel dúró kò hàn sí ojú lára kóòdù. Ẹ jẹ́ ká wo function kékeré kan, ìyẹn apá kóòdù tí a lè fi orúkọ pè, tó ń yọ nǹkan kúrò nínú àkójọ kan nínú mẹ́mọ́rì. Ó lè má ju ìlà mẹ́rin lọ. Ẹ kà á títí, ẹ kò ní rí i níbì kankan pé ẹni tó bá fẹ́ pè é gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ ti àgádágodo (lock) tó ń ṣọ́ àkójọ náà. CPU tó wà nínú ẹ̀rọ kan kì í ṣe ẹyọ kan mọ́ láyé òde òní. Bí méjì bá wọ inú àkójọ náà pọ̀ láìsí àgádágodo, ọ̀kan lè máa yọ ohun tí èkejì ń kà lọ́wọ́. Mẹ́mọ́rì á dàrú, ìdàrú náà kò sì ní hàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè pẹ́ kí ẹ̀rọ tó kú, ibi tó sì kú sí lè máà bá ibi tí àṣìṣe wà tan rárá. Ìlà kan ṣoṣo lókè function náà, èyí tó sọ pé kí ẹni tó ń pè é ti àgádágodo báyìí báyìí kó tó wọlé, ló dúró láàárín ẹni tó ń ṣe àtúnṣe àti ọjọ́ gígùn tí yóò fi máa wá ohun tí kò sọnù síbi tó ti ń wá a.

Òfin mìíràn ni ti oorun. Function kan nínú kernel lè sùn, ìyẹn ni pé ó lè fi CPU sílẹ̀ kó máa dúró de díìsìkì tàbí de mẹ́mọ́rì tó ṣófo. Àwọn àkókò kan wà tí oorun jẹ́ èèwọ̀, bí ìgbà tí kernel ń dá ohun èlò kan lóhùn ní kánmọ́kánmọ́, tàbí ìgbà tó bá di irú àgádágodo tí wọ́n ń pè ní spinlock mú. Ẹni tó bá pe function tó lè sùn nírú àkókò bẹ́ẹ̀ lè so gbogbo ẹ̀rọ rọ̀. Orúkọ function kì í sábà sọ bóyá ó lè sùn. Àlàyé ló ń sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ló ta kókó jù, n óò sì rọra sọ ọ́. CPU kì í fi dandan ṣe iṣẹ́ ní bí a ṣe tò ó sínú kóòdù. Bí ó bá rí i pé ti ẹ̀yìn lè yá, ó lè fi í ṣáájú. Ká ní CPU kìíní kọ dátà sínú mẹ́mọ́rì, lẹ́yìn náà ó gbé àmì sókè pé dátà ti dé. CPU kejì ń wo àmì yẹn. Bó bá ti rí i báyìí, á lọ ka dátà. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé àmì hàn sí èkejì kí dátà tó délẹ̀, ohun tí kò ní láárí ló máa kà. Memory barrier ni wọ́n fi ń dènà èyí. Wọ́n á fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ, wọ́n á fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹni tó ń kà, ọ̀kan kò sì wúlò láìsí ìkejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè wà nínú fáìlì tó jìnnà síra. Ẹni tó bá ṣí fáìlì kan tó rí smp_wmb(), ìyẹn barrier ti ẹni tó ń kọ, níbẹ̀, tí kò sí àlàyé tó sọ ibi tí ìkejì rẹ̀ wà, kò ní ọ̀nà tó rọrùn láti mọ ohun tó ń ṣọ́. Ìdí nìyí tí checkpatch.pl, ètò tí àwọn ará Linux fi ń yẹ àtúnṣe wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, fi máa ń kìlọ̀ bí ó bá rí barrier tí kò ní àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o: pé àlàyé wà níbẹ̀ nìkan ló lè rí. Bóyá òótọ́ ni àlàyé náà, kò mọ̀ ọ́n.

Ìtàn kan wà tí mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ kernel mọ̀. Ní ọdún 1975, ẹ̀dà kẹfà Unix, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, jáde láti iléeṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Ken Thompson àti Dennis Ritchie ló ni iṣẹ́ náà. Nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ slp.c, function kan wà tí wọ́n sọ ní swtch. Òun ló ń gba CPU lọ́wọ́ ètò kan tó ń gbé e fún òmíràn. Ní ibì kan nínú rẹ̀, àlàyé kan sọ bí function náà ṣe máa padà síbi tó yàtọ̀ sí ibi tí a rò pé yóò padà sí. Lábẹ́ àlàyé yẹn ni wọ́n wá sọ fún òǹkàwé pé a kò retí pé kí èyí yé e.

Gbólóhùn yẹn di olókìkí láàárín àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn kan kà á sí ìgbéraga. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Ritchie fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé ohun tó wà lọ́kàn àwọn kò ju ohun tí olùkọ́ máa ń sọ ní kíláàsì lọ, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fọkàn balẹ̀, èyí kò ní jáde nínú ìdánwò. Àmọ́ kò fi mọ síbẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ìṣòro tó wà níbẹ̀ gan-an ni pé kò yé àwọn náà. Ọ̀nà tí swtch ń gbà padà dá lórí pé kọ̀ǹpáílà ẹ̀rọ PDP-11 ń tọ́jú ipò gbogbo function ní ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Unix lọ sórí ẹ̀rọ Interdata, kọ̀ǹpáílà tibẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é yàtọ̀ láti function kan sí òmíràn. Ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó di dandan kí Thompson àti Ritchie tún apá yẹn ṣe ní ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀dà keje.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó wà nínú ìtàn yìí. Àlàyé inú swtch kò parọ́ nípa ohun tí kóòdù ń ṣe. Ohun tí kóòdù gbára lé ni kò sí nínú rẹ̀. Ká ní wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọgbọ́n yìí dúró lórí ìwà kọ̀ǹpáílà PDP-11, ẹni tó bá ń gbé e lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn ìbá ti mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ tẹjú mọ́. N kò fi èyí bu àwọn àgbà náà kù. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò lẹ́gbẹ́, Ritchie sì fi òtítọ́ inú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mò ń sọ ọ́ nítorí pé ó fi ibi tí òótọ́ àlàyé yẹ kó wà hàn wá. Ẹni tó bá mọ C lè ka ohun tí kóòdù ń ṣe. Ohun tó gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ láìsọ, òun ni ojú kò lè rí, òun náà ló sì ń fọ́ nígbà tí ayé bá yí.

Olùkọ́ kan ní Yunifásítì New South Wales ní Sydney, John Lions, tẹ kóòdù ẹ̀dà kẹfà yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní 1976, ó sì kọ ìwé àlàyé tì í. Nígbà tí ẹ̀dà keje dé ní 1979, ìwé àṣẹ rẹ̀ kò gbà kí a máa fi kóòdù náà kọ́ni mọ́. Àdàkọ ìwé Lions ni àwọn èèyàn ń pín láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí di 1996 tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní gbangba. Ẹ rí bí òùngbẹ àlàyé tó péye ṣe ń gbẹ àwọn èèyàn tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Linux. Kò sí ẹni tó ń jókòó tì í kó máa kọ irọ́ sínú kernel. Òtítọ́ àná ló ń di irọ́ òní, nítorí pé kóòdù ti ṣí kúrò, àlàyé kò bá a lọ. Nígbà kan, inú arch/i386 ni kóòdù ẹ̀rọ Intel oníbíìtì 32 wà, inú arch/x86_64 ni ti oníbíìtì 64 wà. Nínú ẹ̀dà 2.6.24, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2008, wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀ sínú arch/x86. Ọ̀pọ̀ fáìlì ibẹ̀ ló ní àlàyé lókè tó ń dárúkọ ibi tí fáìlì náà wà. Fáìlì kó lọ, orúkọ ibùdó àtijọ́ ṣì wà lórí wọn. Lónìí, checkpatch.pl máa ń sọ fún ẹni tó bá kọ orúkọ fáìlì sínú fáìlì fúnra rẹ̀ pé kò wúlò. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ohun tí èèyàn lè rí níbòmíràn láìjanpata, kí ẹ má kọ ọ́ sínú àlàyé. Irọ́ ọjọ́ iwájú lẹ ń gbìn yẹn.

Irú èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ti àgádágodo ló léwu. Big Kernel Lock ni wọ́n fi ń ṣọ́ apá púpọ̀ nínú kernel láti ọdún 1996, títí wọ́n fi yọ ọ́ tán nínú ẹ̀dà 2.6.39 ní 2011. Ẹnikẹ́ni tó bá rí àlàyé tó sọ pé àgádágodo yìí ló ń ṣọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ọjọ́ náà, olùṣọ́ tí kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ ni wọ́n ń júwe fún un.

Àpẹẹrẹ rere wà pẹ̀lú, ó sì wù mí kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ètò kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux ló ní àgádágodo tó ń ṣọ́ ètò mẹ́mọ́rì rẹ̀. mmap_sem ni orúkọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀ nínú kernel kò sì níye. Ní ọdún 2020, nígbà tí ẹ̀dà 5.8 ń bọ̀, oníṣẹ́ kernel kan, Michel Lespinasse, kó ọ̀wọ́ àtúnṣe kan wá tó sọ orúkọ náà di mmap_lock, tó sì fi àwọn function tuntun bíi mmap_read_lock() dípò bí wọ́n ti ń tì í tẹ́lẹ̀. Ó lè dúró síbẹ̀. Kọ̀ǹpáílà ìbá gbà á láìjiyàn, kernel ìbá ṣiṣẹ́, kò sì sí àyẹ̀wò tí ìbá fà á létí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀wọ́ àtúnṣe yẹn, apá méjì ló wà tí kò sí iṣẹ́ mìíràn fún wọn ju kí wọ́n tún àlàyé ṣe káàkiri kernel, kí àlàyé àti kóòdù lè máa pe àgádágodo kan náà ní orúkọ kan náà. Iṣẹ́ tí kò gbayì ni, tí ẹ̀rọ kò béèrè. Ẹni tó bá ka fáìlì wọ̀nyẹn lónìí ń jẹ àǹfààní rẹ̀ láìmọ ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti mọ bí àìbáramu láàárín àlàyé àti kóòdù ṣe rí. Ní 2007, Lin Tan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní iComment. Ètò náà ń ka àlàyé tí èèyàn kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń yọ òfin jáde nínú rẹ̀, irú bíi pé kí a ti àgádágodo kan kí a tó pe function kan, lẹ́yìn náà á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kóòdù ń tẹ̀ lé òfin náà. Linux, Mozilla, Wine àti Apache ni wọ́n yẹ̀ wò. Ó yọ òfin 1,832 jáde, ó sì rí ibi 60 tí àlàyé àti kóòdù ti takora. Ibi tó wọ̀ mí lára nínú iṣẹ́ yìí nìyí: nínú 60 yẹn, 27 ni àlàyé ti jẹ̀bi. Nínú 33 yòókù, àlàyé ló jàre, kóòdù ló ní àṣìṣe.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sáré kọjá. Bí a bá rí i tí àlàyé àti kóòdù kò bára mu, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ni pé àlàyé ti gbó, ká pa á rẹ́ tàbí ká tún un kọ kó lè bá kóòdù mu. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìwádìí lè jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó kù sí àṣìṣe náà ló pa lẹ́nu mọ́ yẹn. Ká ní àlàyé sọ pé ẹni tó ń pe function gbọ́dọ̀ ti ti àgádágodo, ẹ wá rí ibì kan tí wọ́n ti ń pè é láìtì í. Ta ló ṣẹ̀? Ẹ kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Ẹ ní láti ṣí ìtàn fáìlì náà. Torvalds kọ git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, ní 2005 nítorí iṣẹ́ kernel yìí gan-an; git blame á sọ àtúnṣe tó mú ìlà àlàyé wọlé àti èyí tó mú ìlà kóòdù wọlé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ mọ́ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan á sì sọ ìdí rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ óò rí i pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú àgádágodo kúrò, tí wọ́n kàn gbàgbé àlàyé. Nígbà mìíràn ẹ óò rí i pé ẹni tó fi ibi ìpè tuntun kún un kò ka àlàyé rárá. Ìkíní, àlàyé ni ẹ óò tún ṣe. Ìkejì, ẹ ti rí àṣìṣe tó lè pa ẹ̀rọ.

Ǹjẹ́ a lè mú kí ẹ̀rọ máa bá wa ṣọ́ àlàyé? Lápá kan, bẹ́ẹ̀ ni, ibí yìí sì ni Linux ti tẹ̀ síwájú jù. Ní 2006, oníṣẹ́ kernel kan, Ingo Molnar, mú lockdep wá, ètò inú kernel tó ń wo bí wọ́n ṣe ń ti àgádágodo tí wọ́n sì ń ṣí i. Láti ara rẹ̀ ni lockdep_assert_held() ti wá. Dípò kí ẹ kàn kọ ọ́ sínú àlàyé pé kí olùpè ti àgádágodo, ẹ fi ìlà yìí sí ìbẹ̀rẹ̀ function. Lórí kernel tí wọ́n tan lockdep sí, bí ẹnikẹ́ni bá wọlé láìti àgádágodo náà, ìkìlọ̀ á jáde lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ojú ọ̀nà tó gbà wọlé. Bí lockdep kò bá sí ní títàn, ìlà náà kò gba CPU lákòókò. might_sleep() ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún oorun. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè kà tí ẹ̀rọ náà sì lè fi mú arúfin, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àlàyé mẹ́wàá lọ.

Ti fall through tilẹ̀ yani lẹ́nu. Nínú gbólóhùn switch ní èdè C, bí ẹ kò bá fi break sí òpin case kan, kóòdù á tẹ̀ síwájú wọ inú case tó tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn ohun tí a fẹ́ nìyẹn, nígbà mìíràn a gbàgbé ni. Àṣà àtijọ́ ni kí a kọ “fall through” sínú àlàyé, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹlòmíràn kọ ọ́ pọ̀, ẹlòmíràn gé e kúrú, ẹlòmíràn fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Nígbà tí GCC 7 dé ní 2017, wọ́n kọ́ kọ̀ǹpáílà náà láti máa ka àlàyé wọ̀nyí, kí ó lè kìlọ̀ níbi tí kò bá sí. Clang, kọ̀ǹpáílà mìíràn, kò kà á ní tirẹ̀. Ní 2020, oníṣẹ́ kernel kan, Gustavo Silva, fi àtúnṣe kan tó kárí kernel pa àlàyé wọ̀nyẹn rẹ́, ó fi fallthrough dípò wọn, èyí tí í ṣe kóòdù gidi tí kọ̀ǹpáílà méjèèjì gbọ́. Nínú iṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún lọ yìí, wọ́n rí àwọn ibi tí break ti sọnù ní tòótọ́. Láti ọjọ́ náà ni ohun tó jẹ́ ìlérí ẹnu lásán ti di ohun tí ẹ̀rọ ń bi wá léèrè.

Irú àlàyé kan tí wọ́n ń pè ní kernel-doc náà wà, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú /**, tí a fi ń ṣàlàyé function àti ohun tí a ń kó fún un níkọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá yí orúkọ ọ̀kan padà nínú kóòdù tí ẹ kò yí i nínú àlàyé, àṣẹ make W=1 á ké sí yín. Orúkọ nìkan ló ń ṣọ́ o. Ìtumọ̀ rẹ̀ kọjá agbára rẹ̀.

Láti ìgbà tí èdè Rust ti wọ inú kernel, ní ẹ̀dà 6.1 lópin 2022, òfin mìíràn tún dé: lókè ibikíbi tí wọ́n bá ti lo unsafe, ọ̀rọ̀ tí Rust fi ń sàmì sí kóòdù tí kọ̀ǹpáílà kò lè dáàbò bò, ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ àlàyé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SAFETY, kó sọ ìdí tí ohun tó ń ṣe níbẹ̀ kò fi léwu. Ẹ ò rí i pé ohun tí swtch ṣaláìní ní 1975 ni wọ́n sọ di dandan yìí: kí o sọ ohun tí o gbára lé. Ẹ̀rọ lè mọ̀ bóyá àlàyé SAFETY wà níbẹ̀. Èèyàn ló máa mọ̀ bóyá ó mọ́gbọ́n dání.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ọ̀nà àbáyọ ni kí a má kọ àlàyé mọ́, pé kóòdù tó dáa ń sọ ara rẹ̀. Ìwé ìlànà kíkọ kóòdù Linux fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àlàyé àpọ̀jù; ó ní kí a sọ ohun tí kóòdù ń ṣe, kí a má máa ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é. Mo gba ìwé ìlànà náà gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gba ti àwọn tó ní kí a dákẹ́ pátápátá. Kóòdù kò lè sọ ìdí tí a kò fi gba ọ̀nà tó dà bíi pé ó rọrùn jù. Kò lè sọ pé ohun èlò kan ní àléébù tó ń béèrè kí a kọ nǹkan kan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò lè sọ ibi tí ìkejì barrier wà. Bí ẹ bá yọ àlàyé wọ̀nyẹn, ẹlòmíràn á dé lọ́la, á rí ohun tó jọ àṣedànù, á tún un ṣe, á sì ba nǹkan jẹ́.

Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó ń yẹ àtúnṣe wò ni mo rò pé ẹrù tó wúwo jù wà. Ní Linux, alábòójútó wà fún apá kọ̀ọ̀kan, òun ló sì lágbára láti dá àtúnṣe padà. Bí kóòdù bá yí, tí àlàyé tó wà lókè rẹ̀ kò yí, tí kò sì jẹ́ òótọ́ mọ́, àtúnṣe náà kò tíì parí. Kí ó dá a padà. Kí ó má gbà kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí pé òun á fi àtúnṣe àlàyé ránṣẹ́ tó bá yá. Àwọn ìlérí bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣẹ, iṣẹ́ mìíràn á ti dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ wọ inú iṣẹ́ yìí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ pé títún àlàyé ṣe ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ àṣìṣe lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìtumọ̀ ni ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ mọ kóòdù náà dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ sì kọ ọ́ mọ́ àtúnṣe yín bí ẹ ṣe mọ̀ pé àlàyé ló ṣẹ̀, tí kì í ṣe kóòdù. Kò sí iṣẹ́ tó lè tètè kọ́ yín ní kernel bí èyí.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín lónìí kò pọ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá yí orúkọ function kan padà, tàbí tí ẹ yí àgádágodo tó ń ṣọ́ nǹkan padà, kí ẹ tó fi àtúnṣe yẹn ránṣẹ́, ẹ fi git grep wá orúkọ àtijọ́ náà jákèjádò kernel, títí dé inú fódà Documentation. Ẹ ka gbogbo àlàyé tó bá dárúkọ rẹ̀. Ẹ tún èyí tí kò jẹ́ òótọ́ mọ́ ṣe nínú ọ̀wọ́ àtúnṣe kan náà, lọ́jọ́ kan náà.